Níbo Ni Ọ̀rọ̀ Náà Wà? Láti Orí Àrokò dé Ojú Dúdú Kọ̀ǹpútà

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́ díẹ̀. Àlejò ló gba pálọ̀ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀dọ́ mẹ́rin ni wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni gbogbo wọn, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n mi olóògbé fi sílẹ̀. Ohun tó gbé wọn wá kì í ṣe ìfẹ́ bàbá arúgbó o. Iná sólà ni. Ní àdúgbò tí iná ti ń wá bí àlejò tó fẹ́ tètè máa lọ, ilé tí kọ̀ǹpútà kò ti ní kú mọ́ èèyàn lójú ni ọmọ tó ń kọ́ kóòdù máa ń wá lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò tóbi. Wọ́n fẹ́ kọ ètò kan tí èèyàn méjì tàbí mẹ́wàá lè fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò ní àwòrán, kò ní bọ́tìnì, kò ní àwọ̀ kankan. Ojú dúdú lásán tí wọ́n ń pè ní tẹ́mínà, pẹ̀lú lẹ́tà funfun lórí rẹ̀. O tẹ ọ̀rọ̀, o tẹ Enter, ó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ó parí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa jọ ṣe nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Python.

Mo bi wọ́n ní ohun tí ẹ̀yin náà ìbá bi wọ́n. Mo ní, "Ṣèbí WhatsApp wà lọ́wọ́ yín. Kí lẹ tún ń wá?" Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn: "Bàbá, a mọ̀ ọ́n lò, a ò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́." Ìdáhùn yẹn mú mi jókòó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ìtàn, ohun tí mo sì ń bá wọn fà kò ju èyí lọ: à ń gbé nínú ìlú, à ń ná ọjà rẹ̀, a ò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn ṣe ń kọ́ mi ní kóòdù, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń kọ́ wọn ní ìtàn. Àròkọ yìí ni èrè rẹ̀.

Ẹẹ́fà fà, ẹẹ́jọ jọ

Àwọn baba wa kò dúró de kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó máa ránṣẹ́ sí ẹni tí kò sí nítòsí. Àrokò wà. Ní 1885, àlùfáà ìjọ CMS kan tó ti gbé ilẹ̀ Yorùbá pẹ́, Charles Andrew Gollmer, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí a fi nǹkan rán dípò ẹnu. Owó ẹyọ ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń pa àrokò. Bí ọ̀dọ́kùnrin bá fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin, ohun tó ń sọ ni pé ọkàn òun *fà* sí i, torí ẹẹ́fà ni. Bí ọmọbìnrin náà bá fi ẹyọ mẹ́jọ dá a lóhùn, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn *jọ*. Bí ojú ẹyọ méjì bá kọ síra wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé nìyẹn.

Ẹ wo ohun tí àrokò dúró lé. Àkọ́kọ́, ẹni tó ń ránṣẹ́ àti ẹni tó ń gbà á gbọ́dọ̀ ti gbà ṣáájú pé mẹ́fà ń sọ báyìí, mẹ́jọ ń sọ báyìí. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, bí o bá fi ẹyọ mẹ́fà lé e lọ́wọ́, ẹyọ mẹ́fà náà ló máa kà. Èkejì, ẹnì kan ní láti gbé e. Ẹ̀kẹta, ó ní láti dé ọwọ́ ẹni tí a rán an sí gan-an. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí tán, ọmọkùnrin tó ń kọ apá sáfà wò mí, ó ní, "Prof, protocol lẹ ń sọ yẹn." Mo ní bí ó bá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiyín, kò burú.

Ọ̀nà kejì tún wà: ìlù. Bí onígángan bá ń fi ìlù sọ̀rọ̀ lágbàálá, ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́. Ẹni tó ti lọ oko, ó ti kọjá a nìyẹn, ìlù kì í dúró dè é. Àrokò ní tirẹ̀ máa ń dúró. Ó lè wà nínú àpò ìránṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá kó ṣì máa sọ ohun kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Oṣù kọkànlá, 1969

Ẹni tó bá mọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé ìlú àwọn arìnrìn-àjò ni. Láti ìgbà àwọn òyìnbó amúnisìn ni àwọn èèyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní Jọs, ní Òkè Ọya, àti ní Gánà. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú tó yí wa ká pọ̀ ní ìhà àríwá Gánà débi pé J. S. Eades kọ odindi ìwé kan lórí irú àwọn oníṣòwò Yorùbá bẹ́ẹ̀ ní 1993. Tamale ni bàbá mi wà. Ọdún kọjá lórí ọdún, ìyá mi ń tọ́ wa nílé, bàbá ń bọ̀ lọ́dún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀? Ẹnu èèyàn ni. Ará ìlú tó bá ń bọ̀ wálé ló ń gbé iṣẹ́ ogún ilé sórí. Á dé, á máa wọ ojúlé dé ojúlé: bàbá yín ní kí ẹ san owó báyìí, bàbá yín ní kí ẹ fi ọmọ sí ilé ìwé báyìí. Lẹ́tà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, wọ́n sì fọkàn tán ẹnu ọmọ ìlú wọn ju bébà lọ. Ọlọ́gbọ́n ni ìránṣẹ́ náà sì máa ń jẹ́. Ẹ mọ òwe wa: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Bí bàbá bá fi ìbínú ránṣẹ́, ìránṣẹ́ tó gbọ́n á rọ̀ ọ́ kó tó dé etí ìyá.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi kò ní ìwé kankan. Ta ló ń bi í láti ọdún yìí wá? Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ó rí ará ìlú wa kan tó ti dì ẹrù, tó fẹ́ wọ lọ́rì. Ó rán an sí ìyá mi. Gbólóhùn kan ni iṣẹ́ náà: kí ọmọ náà má bọ̀ o.

Ọmọ náà ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n ti ṣètò pé kí ó lọ bá bàbá lẹ́nu ọjà ní ìparí oṣù náà. Èmi kéré sí i ní ọdún mẹ́ta. Mo rántí pé ìròyìn Gánà ti ń jà lórí rédíò, àwọn aládùúgbò sì wá bá ìyá mi pé kí ó dá ọmọ dúró. Ìdáhùn rẹ̀ ni mi ò gbàgbé. Ó ní, "Bí nǹkan bá ṣe, bàbá wọn ì bá ti ránṣẹ́." Bàbá kò ránṣẹ́, nítorí náà kò sí nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi wọ lọ́rì, ó lọ.

Bàbá mi dé sílé nínú oṣù kejìlá, pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ̀ àti àpótí kan. Ó kọ́kọ́ bèèrè ọmọ. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà dé ní tirẹ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì. Àìsàn ló dá a dúró ní Lomé. Ó wọ ilé wa, ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó sì jíṣẹ́ náà pé pérépéré bí wọ́n ṣe rán an: kí ọmọ náà má bọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n mi padà ní oṣù kẹta ọdún 1970. Ó ti ń ru ẹrù ní ibùdókọ̀ ní Tógò kó lè rí owó ọkọ̀. Títí ìyá mi fi kú, ó ní bàbá kò ránṣẹ́. Títí bàbá mi fi kú, ó ní òun ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá sí i. Ohun tó máa ń sọ kò ju pé, "Iṣẹ́ ò dé ọ̀dọ̀ mi." Òótọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ.

Ọdún kan náà, ní ibòmíràn

Ìgbà tí mo ń bá àwọn ọmọ wọ̀nyí ka ìtàn íntánẹ́ẹ̀tì ni ojú mi là sí ọdún yẹn. Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, 1969, Steve Crocker, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní UCLA ní California, kọ ìwé àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní RFC. Bí a bá tú orúkọ náà, "ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?" ló ń jẹ́. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ìlànà tí kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi yóò fi gbọ́ ara wọn, wọn kò sì fẹ́ kó dà bíi pé àwọn ń pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, wọ́n gbìyànjú láti UCLA láti wọlé sí kọ̀ǹpútà kejì ní Stanford Research Institute. LOGIN ni wọ́n fẹ́ tẹ̀. L lọ, O lọ, kọ̀ǹpútà ọ̀hún sì dákú. LO ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó gba orí ARPANET kọjá. Ogún ọjọ́ lẹ́yìn náà ni Busia pàṣẹ tirẹ̀ ní Accra. Láàárín ọdún kan, àwọn kan ń kọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń jíṣẹ́, iṣẹ́ bàbá mi sì wà lórí ibùsùn àìsàn ní Lomé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé ìtàn ojú dúdú yìí, torí òun ni àwọn ọmọ wá kọ́. Ní 1965, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé, Tom Van Vleck àti Noel Morris ní MIT kọ àṣẹ kan tí wọ́n pè ní MAIL sórí kọ̀ǹpútà CTSS. Ẹni tó bá wọlé lónìí lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó máa wọlé lọ́la, ọ̀rọ̀ á sì wà nínú fáìlì dè é. Àrokò nìyẹn. Nígbà tí Unix dé láti Bell Labs, àṣẹ kan tí ń jẹ́ *write* wà lórí rẹ̀ láti 1971. Òun máa ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ jáde lójú ẹsẹ̀ sí orí tẹ́mínà ẹni tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà. Bí onítọ̀hún kò bá fẹ́ ariwo, ó lè fi àṣẹ *mesg* ti ilẹ̀kùn. Ìlù nìyẹn.

Ìlù ni ọ̀pọ̀ ohun tó tẹ̀lé e. Ní 1973, ní Yunifásítì Illinois, Doug Brown àti David Woolley ṣe Talkomatic sórí PLATO: èèyàn márùn-ún lè jọ wà lórí ìkànnì kan, lẹ́tà tí ẹnì kan bá sì tẹ̀ ni àwọn yòókù ń rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1983, Unix ti Berkeley tí wọ́n pè ní 4.2BSD mú *talk* wá, tó pín ojú tẹ́mínà sí méjì, tìrẹ lókè, ti ẹnì kejì nísàlẹ̀. Ètò yẹn kan náà ló mú *socket* wá, ihò tí kọ̀ǹpútà kan ń gbà bá òmíràn sọ̀rọ̀. Títí di òní, òun ni àwọn ọmọ mi lò.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, 1988, ní Yunifásítì Oulu ní Fínláǹdì, Jarkko Oikarinen, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, kọ IRC. Ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun tó kọ tàn kálẹ̀ débi pé, nígbà tí àwọn kan fẹ́ fipá gba ìjọba ní Soviet Union ní oṣù kẹjọ 1991, orí IRC ni àwọn kan ti ń sọ ohun tó ń lọ ní Moscow. Òun àti Darren Reed kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ sínú RFC 1459 ní oṣù karùn-ún, 1993. Mo fi ọjọ́ orí rẹ̀ han àwọn ọmọ náà. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún.

Àáró ni, kì í ṣe ọ̀wẹ̀

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìjà ni. Gbogbo wọn ló fẹ́ kọ sáfà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ apá tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àtẹ bọ́tìnì. Wọ́n ń fi kóòdù ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù, ẹni tó bá fi tirẹ̀ lé e gbẹ̀yìn á pa ti àwọn yòókù rẹ́.

Mo bi wọ́n bí wọ́n bá mọ ìyàtọ̀ àáró àti ọ̀wẹ̀. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Mo ní, bí bàbá ìyàwó bá fẹ́ kọ́lé, tí àna rẹ̀ kó ogójì ọ̀rẹ́ wá fún ọjọ́ kan, tí wọ́n jẹ, tí wọ́n mu, tí wọ́n sì túká, ọ̀wẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ mẹ́rin bá pinnu pé lónìí oko tìrẹ, lọ́la oko tèmi, tí olúkúlùkù ní ebè tó ń kọ, tí gbèsè ọwọ́ sì wà láàárín wọn, àáró ni. Ẹnikẹ́ni kì í dá ebè tí ẹlòmíràn ti kọ rú. Bí ebè méjì bá pàdé, àwọn méjèèjì á dúró, wọ́n á sọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Git nìyẹn, Prof." Ó ṣàlàyé fún mi. Git ni irinṣẹ́ tí Linus Torvalds kọ ní 2005 nítorí iṣẹ́ Linux, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń jọ ṣe. Olúkúlùkù ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka tirẹ̀. Bí méjì bá fọwọ́ kan ìlà kan náà, Git kò ní yan ọ̀kan fún wọn. Á dá wọn dúró, á ní kí wọ́n lọ yanjú rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti ọjọ́ yẹn, wọ́n sì ń yí iṣẹ́ po lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: ẹni tó kọ sáfà lọ́sẹ̀ yìí á kọ ojú tẹ́mínà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìṣòro gidi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti rò pé bí a bá fi gbólóhùn méjì ránṣẹ́, méjì ló máa dé. Nígbà míì, ọ̀kan ṣoṣo ló dé, méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra. Nígbà míì, ìdajì dé, ìdajì tẹ̀lé e. Ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, TCP, kò mọ gbólóhùn. Odò ni: ohun tó mọ̀ ni kí omi ṣàn ní títò-títò, kí ìkán má sọnù. Ibi tí gbólóhùn kan parí sí, ẹ̀yin lẹ máa fi àmì sí i. Bẹ́ẹ̀ ni IRC ṣe yanjú rẹ̀: àmì ìparí ìlà ni òpin ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan kò sì gbọdọ̀ ju báìtì 512 lọ. Àwọn ọmọ náà jókòó, wọ́n kọ ìlànà tiwọn sórí bébà kan. Ọ̀rọ̀ àṣẹ márùn-ún ni, Yorùbá sì ni gbogbo rẹ̀: WỌLÉ, SỌ, TA, GBÀ, JÁDE. Mo lẹ bébà náà mọ́ ògiri.

Báìtì mélòó ni Ògbómọ̀ṣọ́?

Ohun tí mi ò retí ni pé orúkọ ìlú wa máa dá wọn láàmú. Wọ́n ṣí yàrá kan lórí ètò náà, wọ́n pè é ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn méjì wọlé, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kẹta wọlé sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò bá ẹnikẹ́ni. Yàrá méjì ló wà, orúkọ kan náà ni ojú ń rí.

Ìtàn ló fa èyí náà. Nígbà tí wọ́n ṣe ASCII ní 1963, àyè 128 péré ló ní, kò sì sí àyè fún ẹ, ọ, tàbí ṣ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti àmì ohùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnu ìwé Yorùbá ti pẹ́. T. J. Bowen, míṣọ́nnárì onítẹ̀bọmi tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, ti gbé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní Washington ní 1858, láti ọwọ́ Smithsonian. Ohun tí ìwé ti ń ṣe láti ìgbà yẹn, kọ̀ǹpútà kò lè ṣe é ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Ìlù gbé ohùn wa, ó fi lẹ́tà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ gbé lẹ́tà, ó fi ohùn sílẹ̀.

Unicode ló tún un ṣe, pẹ̀lú UTF-8 tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, 1992. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà tó ju ọ̀kan lọ sílẹ̀ láti kọ ohun kan náà. Ọ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ̀ kò ní: a ní láti fi àmì ohùn lé ọ lórí. O sì tún lè bẹ̀rẹ̀ láti orí o lásán, kí o fi àmì ìsàlẹ̀ lé e, kí o wá fi àmì ohùn lé e. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ó yàtọ̀.

A kà á. Lẹ́nu Yorùbá, lẹ́tà méje ni Ògbómọ̀ṣọ́: Ò, gb, ó, m, ọ̀, ṣ, ọ́. Python ní mẹ́wàá ni. Bó bá ń lọ lórí wáyà, báìtì 20 ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kẹta yẹn ti da orúkọ náà kọ láti inú ìwé àtijọ́ mi kan, tiẹ̀ jẹ́ báìtì 22. Sáfà wò ó, ó ní ìlú méjì ni. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: Python ní irinṣẹ́ *unicodedata* tó ń sọ gbogbo ọ̀nà ìkọ̀wé di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra. Ẹnì kan ní kí àwọn kàn yọ àmì kúrò, kí wọ́n máa kọ Ogbomoso, báìtì 8 ni, wàhálà tán. Ẹni tó sọ ọ́ kì í ṣe ọmọ burúkú, ohun tí gbogbo wa ń ṣe lórí fóònù ló sọ. Wọ́n dìbò. Mẹ́ta sí ọ̀kan, àmì dúró. Mi ò dìbò, ṣùgbọ́n mo ra mítì-páì fún wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ lọ

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n ní kí èmi náà wá lò ó. Mo jókòó ní yàrá mi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi, mo kọ̀wé sí ọmọkùnrin tó ń kọ sáfà pé oúnjẹ ti délẹ̀. Kò dáhùn. Mo jáde, mo bá a tó ti pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó ń sùn lórí àga. Nígbà tó ṣí i padà, ọ̀rọ̀ mi kò sí níbẹ̀.

Mo ní, "Níbo ni ọ̀rọ̀ náà wà?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Kò sí níbì kankan, Prof. Sáfà gbà á, kò rí i lórí ìlà, ó jù ú nù."

"Kò sì sọ fún mi?"

"Kò sọ fún yín."

Wọ́n ní IRC náà kì í tọ́jú ọ̀rọ̀ de ẹni tí kò sí lórí ìlà, òótọ́ sì ni. Ìlù ni IRC. Ọmọkùnrin náà ní kí àwọn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ìdánwò ti ń bọ̀, ètò náà sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tó sọ bọ́gbọ́n mu. Iṣẹ́ ọlọ́wọ́-bẹ̀rẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa kú.

Mo wá sọ ìtàn 1969 fún wọn, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín lókè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ apá kan rẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀. Kò gbọ́ ti ẹni tó ṣàìsàn ní Lomé rí. Ó ti rò láti kékeré pé bàbá àgbà òun kò bìkítà ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Nítorí náà, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ pẹ́ ló burú jù. Pé ìyá àgbà ka ìdákẹ́ sí ìdáhùn ni."

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Òun ló kọ apá tó kù, tí àwọn mẹ́ta yòókù sì bá a ṣe àáró rẹ̀. Bí ẹni tí a ránṣẹ́ sí kò bá sí lórí ìlà, sáfà á kọ ọ̀rọ̀ náà sí fáìlì, á sì sọ fún ẹni tó rán an pé *ó wà lọ́wọ́ mi, kò tíì dé*. Bí onítọ̀hún bá wọlé, á fún un. Kò ní pa á rẹ́ kúrò nínú fáìlì, àfi bí ètò ti ọ̀dọ̀ onítọ̀hún bá dá GBÀ padà. TCP fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́wọ́ pé òun gba ẹrù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń jẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ. Kò sọ pé èèyàn rí i. Àmì bulúù tí WhatsApp mú jáde ní oṣù kọkànlá, 2014, ìbéèrè yẹn kan náà ló ń dáhùn: mo rán an, ó dé, ó kà á. Ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá mi ní àkọ́kọ́, ìyá mi ń dúró de èkejì, ẹ̀gbọ́n mi ló san gbèsè ẹ̀kẹta.

Iṣẹ́ náà parí ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Kò tó ìlà 300. Kò sẹ́ni tó máa rà á, kò sì ní gba ọjà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti padà sẹ́nu ìwé wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n lọ, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo wọlé sí ojú dúdú náà, gbólóhùn kan sì jáde, pẹ̀lú aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Alẹ́ àná ni mo kọ ọ́, kọ̀ǹpútà yín ti sùn."

Ètò náà ti dá GBÀ padà kí n tó kà á tán.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà tó wà ní Gánà ní 1969, tàbí tó wà nílé tó ń retí ẹni tó wà níbẹ̀, ẹ bi í léèrè: iṣẹ́ wo ni wọ́n rán tí kò dé? Ta ló gbé e? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti orúkọ ìlú tó dúró sí, kí ẹ sì fi àmì sí i dáadáa. Àwọn tó lè dáhùn kò pọ̀ mọ́.

Ó dìgbà kan ná.